Ta Ló Kọ́kọ́ Tọ́ Oògùn Wò? Ọ̀rọ̀ Àwọn Ẹranko Tí Wọ́n Fi Ń Dán Oògùn Wò

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré, ìyá rẹ̀ á gbé e pọ̀n, á sì forí lé ilé ìwòsàn ìjọba láti lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún un lásìkò náà ni ti ibà pọ́njú. Ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní jòjòló, ni wọ́n ti gún un ní ti àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní mẹ́dọ̀wú. Ọmọ á ké, ìyá á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n á padà sílé. Ohun tí kì í wá sí ìyá náà lọ́kàn ni pé kí oògùn méjèèjì yìí tó kan ara ọmọ òun, ó ti kan ara ọ̀bọ àti ti ìnàkí, àti pé púpọ̀ nínú àwọn ẹranko náà ni kò yè é.

Àwọn ènìyàn gúúsù Èkìtì kì í ṣe àjèjì sí ìnàkí. Igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba igbó ilẹ̀ Yorùbá tí ẹranko yìí ṣì kù sí. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ ti wọ igbó náà, wọ́n sì ti kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n rí níbẹ̀: ìtẹ́ tí ìnàkí ń hun sórí igi láti sùn, èso tó ń jẹ, àti bí àwọn agégẹdú àti olóko kòkó ṣe ń há a mọ́. Nínú gbogbo ẹranko ayé, ìnàkí àti ìbátan rẹ̀ tó ń gbé ilẹ̀ Kóńgò ni ẹ̀jẹ̀ wọn sún mọ́ ti ènìyàn jù lọ. Ìsúnmọ́ni yìí gan-an ló sì kó bá ìnàkí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn.

Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tó bá po àgbo fún ènìyàn a kọ́kọ́ bù ú tọ́ wò lójú ẹni tó fẹ́ mu ún. Ìdí èyí kò ṣòro: kí ẹni tó ń gbà á lè mọ̀ pé kì í ṣe májèlé. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ẹni tí yóò fi igi ṣónṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kó mọ bó ṣe ń dun ni. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ṣe ni pé ó yí àṣà yìí padà. Kì í ṣe ẹni tó ṣe oògùn ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò mọ́. Eku funfun ni, lẹ́yìn náà ehoro, ajá tàbí ọ̀bọ, kí ó tó kan ìwọ̀nba ènìyàn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ẹranko kò lè yọ̀ǹda ara rẹ̀. Níbí ni àríyànjiyàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Èkó ni ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó lókìkí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Yaba kí wọ́n lè mọ ohun tó ń fa ibà pọ́njú, èyí tó ń pa ènìyàn káàkiri etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀dọ̀ àjọ yìí ni NIMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yaba títí di òní, ti ń ka ìtàn tirẹ̀. Àwọn dókítà náà fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sára oríṣiríṣi ẹranko kéékèèké àti ọ̀bọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣàìsàn bí ènìyàn ṣe ń ṣe é. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀bọ inú igbó Áfíríkà ti ń bá kòkòrò àrùn yìí gbé. Ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn kó sì jáde láìpa wọ́n.

Nígbà tó di 1927, Adrian Stokes, dókítà ará Ireland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àìsàn náà kò sí rárá. Ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní abúlé Kpeve, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n sì fi í sára ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bọ náà. Ọ̀bọ kú, Asibi yè. Bí wọ́n ṣe rí kòkòrò ibà pọ́njú mú nìyẹn, orúkọ Asibi ni wọ́n sì ń pè é títí di òní olónìí.

Kì í ṣe ọ̀bọ nìkan ló san gbèsè náà. Stokes fúnra rẹ̀ kó àìsàn yìí ní ilé àyẹ̀wò, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, lẹ́yìn tó ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun kí wọ́n sì lò ó fún iṣẹ́ náà. Hideyo Noguchi, ará Japan, kú ní Accra ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún ọdún 1928. William Young tó ń bá a ṣiṣẹ́ kú lẹ́yìn rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Bí a bá ń sọ ti igi ṣónṣó àti ọmọ ẹyẹ, àwọn wọ̀nyí fi gún ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pète rẹ̀.

Láti ara kòkòrò Asibi yìí ni Max Theiler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D, tó jáde ní 1937, tó sì mú kí Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Lé ní 500 mílíọ̀nù ènìyàn ló ti gbà á. Inú ẹyin adìyẹ tí ọmọ ti ń dàgbà nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń sin ín títí di òní. Nígbà tí ibà pọ́njú jà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1987, àjẹsára yìí kan náà ni wọ́n fi lé e lọ. Ẹni tó bá sọ pé ikú àwọn ọ̀bọ Yaba kò mú èrè kankan wá kò sọ òótọ́.

Òótọ́ mìíràn wà nínú ìtàn yìí kan náà, àwọn tó ń tako fífi ẹranko dán oògùn wò ló sì máa ń tẹnu mọ́ ọn: ọ̀bọ tiwa kò ṣàìsàn, ọ̀bọ Íńdíà kú. Bí ọ̀bọ bá lè yàtọ̀ sí ọ̀bọ tó bẹ́ẹ̀, báwo ni eku ṣe fẹ́ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn? Oògùn thalidomide fi èyí hàn gbangba. Láti 1957 ni wọ́n ti ń tà á ní Jámánì fún oorun, àwọn aláboyún sì ń lò ó fún èébì. Wọ́n ti fún eku jẹ, eku kò kú, wọ́n ní kò léwu. Kí wọ́n tó kó o kúrò lórí àtẹ ní 1961, lé ní 10,000 ọmọ káàkiri ayé ni a ti bí láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fún ehoro àti ọ̀bọ tó lóyún, tí wọ́n sì rí i pé ọmọ inú wọn náà bàjẹ́. Kò sí ẹni tó ti bi ẹranko ní ìbéèrè tó yẹ.

Àmọ́ ibi tí wọn kò bá ti bi ẹranko ní ìbéèrè rárá, ọmọ ènìyàn ló ń dáhùn. Ní Amẹ́ríkà, ní 1937, ilé-iṣẹ́ kan po oògùn olómi kan pọ̀ mọ́ kẹ́míkà diethylene glycol láìdán an wò lára ohunkóhun. Ó pa lé ní 100 ènìyàn, èyí ló sì bí òfin 1938 pé kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé oògùn kò léwu kí wọ́n tó tà á. Kẹ́míkà yìí kan náà ló wà nínú My Pikin, oògùn eyín ọmọdé tó pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009. Ti My Pikin tilẹ̀ burú jù, nítorí pé kò gba ẹ̀mí eku kankan láti mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò kẹ́míkà lásán ti tó.

Ti Kano, ní 1996, ló tún yàtọ̀. Àrùn yírùnyírùn ń pa ọmọ, ilé-iṣẹ́ Pfizer sì gbé oògùn tuntun Trovan wá, wọ́n dán an wò pẹ̀lú ọmọ bíi 200: wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì ní oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú láàárín wọn. Ó ti pẹ́ tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé irú ìdílé oògùn yìí máa ń ba oríkèé ara àwọn ọmọ ẹranko jẹ́, bí ọmọ ajá. Ẹranko ti sọ tirẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni bóyá àwọn òbí tó gbé ọmọ wá gbọ́ ohun tó sọ, bóyá wọ́n sì mọ̀ pé ìdánwò ni. Àwọn òbí ní àwọn kò mọ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn sọ fún wọn. Ní 2009, Pfizer gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba Kano láti parí ẹjọ́ náà, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Kì í ṣe oògùn òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Lọ́jà Ìkẹ́rẹ́ àti Emùré, àwọn elewé ọmọ ń ta ewé àti egbò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ohun tí àwọn baba ńlá wa ti ń mu kò nílò àyẹ̀wò. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Títọ́ oògùn wò máa ń fi májèlé tó ń pa ni lójú ẹsẹ̀ hàn. Kì í fi èyí tó ń jẹ kíndìnrín díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá hàn. Nítorí náà ni àwọn yunifásítì wa, láti Adó-Èkìtì dé Àkúrẹ́, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, ṣe ń fún eku funfun ní omi ewé, tí wọ́n á sì yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn wò. Ìlànà tí Trevan gbé kalẹ̀ ní 1927, ọdún kan náà tí ọ̀bọ Yaba kú, máa ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko láti mọ ìwọ̀n tí yóò pa ìdajì wọn. Èyí tí Lorke kọ jáde ní 1983, tó wọ́pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa, kò ju bíi 13 lọ. Èyí dára. Ohun tí kò dára ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tún máa pa eku lórí ewé dógóyárò tí àìmọye ènìyàn ti yẹ̀ wò ṣáájú rẹ̀, kìkì kó lè rí ìwé àṣejáde kọ.

Ta ló ń mójú tó èyí? Fún ìwádìí tó kan ènìyàn, ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 2007, òfin ìlera ti 2014 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Fún ẹranko, àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Yunifásítì Ìbàdàn ní ìgbìmọ̀ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n òfin tó dojú kọ ìyà ẹranko gan-an ni abala 495 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tó wà láti ìgbà àwọn òyìnbó: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn ₦50, tàbí méjèèjì. Àádọ́ta náírà kò ra ẹyin adìyẹ kan lónìí.

Ìlànà tí ayé ń tẹ̀lé ni ti William Russell àti Rex Burch, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1959: bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí a fi ẹranko sílẹ̀; bí kò bá sí, kí a lo ìwọ̀nba; èyí tí a bá sì lò, kí a má jẹ́ kó jìyà ju bó ti yẹ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Amẹ́ríkà tún òfin 1938 rẹ̀ ṣe, pé kò di dandan mọ́ kí oògùn tuntun gba ara ẹranko kọjá bí ẹ̀rí mìíràn tó péye bá wà, bíi ti ẹran ara ènìyàn tí wọ́n sìn nínú ìgò tàbí ti kọ̀ǹpútà.

Ó ku ti àwọn ìnàkí. Ní 1974, New York Blood Center dá ilé àyẹ̀wò kan sílẹ̀ ní Làìbéríà, wọ́n pè é ní Vilab II, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi ìnàkí ṣe ìwádìí lórí mẹ́dọ̀wú, nítorí pé yàtọ̀ sí ènìyàn, ìwọ̀nba ni ẹranko tó lè kó o. Èso iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú abẹ́rẹ́ tí ọmọ Emùré ń gbà. Nígbà tí ìwádìí parí, wọ́n kó àwọn ìnàkí náà sí erékùṣù inú odò. Wọn kò lè dá wọn padà sínú igbó bí ti Ìsẹ̀, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ti kó àrùn, oúnjẹ tó wà ní erékùṣù náà kò sì lè tó wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ owó oúnjẹ wọn dúró, ó ní kò sí àdéhùn tó so òun mọ́ wọn títí ayé. Lé ní 60 ìnàkí ló ṣì wà láàyè nígbà náà. Àwọn ará Làìbéríà tó ń tọ́jú wọn tẹ̀ síwájú láti máa bọ́ wọn, àjọ Humane Society ti Amẹ́ríkà sì gba ẹrù náà rù. Ọdún 2017 ni ilé-iṣẹ́ náà tó gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là sí ìtọ́jú wọn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n á jáde wá sí etí odò, wọ́n á na ọwọ́.