Láti Ilé Ìtẹ̀wé dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboniṣe: Ìtàn Bí A Ti Ń Kọ́ Iṣẹ́ Akọ̀ròyìn ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ ti kọ lórí ìtàn ìwé ìròyìn Yorùbá: ta ló dá a sílẹ̀, ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣèlú wo ló gbé jáde. Ìbéèrè tí a kì í sábà béèrè ni pé, níbo ni àwọn tó ń kọ wọ́n ti kọ́ṣẹ́? Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ akọ̀ròyìn jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, kí ó tó di ẹ̀kọ́ inú kíláàsì. Nígbà tí ó sì wọ kíláàsì, èdè Yorùbá tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò bá a wọlé.

Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́

Ní 1854 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé níbẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1859, Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, 120 owó ẹyọ sì ni iye rẹ̀. Yorùbá nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1860 ni wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Ó yẹ kí a wo ohun tí ọmọṣẹ́ ń kọ́ nídìí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń to lẹ́tà òjé, òdì ni ojú lẹ́tà sì wà, kí ó lè hàn bó ti yẹ lórí ìwé. Ẹni tó ń tò ó ní láti lè ka Yorùbá ní òdì. Bí ó bá gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà, ‘ọkọ’ ti di ‘oko’ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí dájú ti di ọ̀mọ̀wé nínú àkọtọ́, yálà ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́.

Ìfọ́lé 1867 lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn náà sì kú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ yìí kò kú. Robert Campbell, tó dá Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863, ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Jàmáíkà kí ó tó di olùkọ́ ní Amẹ́ríkà. John Payne Jackson, ọmọ Làìbéríà, bẹ̀rẹ̀ Lagos Weekly Record ní 1891. Lẹ́yìn rẹ̀, Thomas Horatio, ọmọ rẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà, bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń jogún ẹmú àti òòlù.

Ọdún 1920 sí 1929 ni ọ̀nà yìí so èso jùlọ ní èdè Yorùbá: Èkó Àkéte ti Adéoyè Dẹ́nígà ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntàn ní 1923, Yorùbá News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas ní 1928. Àwọn olóòtú wọ̀nyí ń ka ìwé ara wọn, wọ́n ń tako ara wọn, wọ́n sì ń tún èdè ara wọn ṣe ní gbangba. Awuyewuye náà ni kíláàsì wọn. Nígbà tí Thomas ń gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde bíi lẹ́tà ní 1929 àti 1930, ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni obìnrin náà. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn.

Iṣẹ́ náà wọ kíláàsì

Ìyípadà náà kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nnamdi Azikiwe kàwé ní Amẹ́ríkà kí ó tó dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní tirẹ̀, kọ́ṣẹ́ akọ̀ròyìn lẹ́nu iṣẹ́ ní Daily Times ní 1934. Ní 1949 ó dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1961, Yunifásítì Nsukka ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ akọ̀ròyìn, orúkọ Jackson ti Lagos Weekly Record ni wọ́n sì fi pè é. Ẹ kíyè sí i: kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ tó ń fi oyè dáni lọ́lá nínú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà ń jẹ́ orúkọ ìdílé tí ọmọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ baba. Yunifásítì Èkó tẹ̀lé e ní 1966, Nigerian Institute of Journalism sì dé ní 1971.

Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ló mú ẹ̀kọ́ yìí sún mọ́ ọmọ ìlú jùlọ. Ètò rẹ̀ jẹ́ ọdún méjì fún ìwé-ẹ̀rí ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, àti ọdún méjì mìíràn fún HND. Ọdún kan tó wà láàárín yẹn ni àjẹkù ètò ọ̀gá àti ọmọṣẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó ti àgbà akọ̀ròyìn, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ní 1979, wọ́n dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú Ìwé Ìròhìn gan-an. Nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ Mọṣhúdì Abíọ́lá pè é, ẹni tí ilé-iṣẹ́ Concord rẹ̀ tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìsọ̀kan.

Ohun tó ṣẹ́kù sẹ́yìn

Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé àti ìdánwò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Yorùbá, bíi ti Gbóhùngbohùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 tàbí Aláròyé òde òní, yóò tún iṣẹ́ kọ́ nígbà tó bá débẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘wọ́n’. ‘Wọ́n ní ó jalè’: ta ni wọ́n? Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá, ó lè jẹ́ ará àdúgbò, ó lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè má jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kò mọ ìṣòro yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn: bí ó bá jẹ́ ọba, ṣé ‘ó’ ni a ó kọ tàbí ‘wọ́n’? Ọ̀kan lè dà bí àrífín, èkejì lè dà bí ìgbèjà. Orí irú ìpinnu báyìí ni òótọ́ ìròyìn dúró lé. Ní ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, ọ̀gá wà níbẹ̀ tó lè tọ́ka sí i lójú ẹsẹ̀. Ní kíláàsì òde òní, kò sí wákàtí kankan fún un.

Ìkádìí

A kò sọ pé kí a padà sí ayé lẹ́tà òjé. Ètò ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ní àléébù tirẹ̀: nígbà tí olóòtú bá kú, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sábà máa ń bá a lọ. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ìwé ẹ̀kọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn ìwé ìròyìn láti 1859 títí di òní jẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ fúnra wọn, bí ẹnìkan bá lè yọ òfin inú wọn síta, kí ó sì tò wọ́n bí ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ àwa tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá nìyẹn, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe. Títí a ó fi ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ ní Abẹ́òkúta yóò máa kọ́ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà, ní èdè tí wọn kò fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.