Lino, Ọ̀bẹ àti Igbó Irúnmalẹ̀

Púpọ̀ nínú wa ni ó lè sọ ìtàn Àkàrà-oògùn láìwo ìwé, ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè ẹni tí ó ya àwòrán inú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe, àwọn tí yóò dáhùn kò pọ̀. Bruce Onobrakpeya ni. Ó yẹ kí a sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dé ìwé náà, nítorí pé ilẹ̀ Òǹdó wà nínú ìtàn ọ̀hún.

Ọmọ Urhobo ni. Agbarha-Otor ni a gbé bí i ní 1932, ìlú Bìní ni ó sì gbé dàgbà. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀, ó wá kọ́ àwọn ọmọ ní Ondo Boys' High School fún nǹkan bí ọdún kan, kí ó tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria ní 1957. Ẹni tí ó bá ń ti Bìní lọ sí Òǹdó lónìí, Òrè ni yóò ti yà kúrò lójú títì Èkó, yóò sì gba Òdígbò kọjá. Igbó dídí ni gbogbo ibẹ̀ láyé àtijọ́. Òkè-Igbó, ìlú Fágúnwà, wà níwájú, tí a bá ti kọjá Òǹdó.

Láàrin 1961 sí 1964 ó lọ sí àwọn ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ ní Ìbàdàn àti Òṣogbo, níbi tí Ru van Rossem, ará Họ́lándì, ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àwòrán títẹ̀. Lino sì di ọ̀kan nínú ohun èlò rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ni lino. Frederick Walton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó ṣe é láàrin 1860 sí 1863: òróró tí ó ti dì, tí a pò mọ́ èérún kọ́ọ̀kì, tí a sì tẹ́ sórí aṣọ líle. Kò ní ojú bí igi, nítorí náà ọ̀bẹ lè gba ibi tí ó bá wù ú. Ẹni tí ó fẹ́ fín èèpo ìwé yóò kọ́kọ́ sá a sóòrùn kí ó lè rọ̀. Ibi tí ó bá gbẹ́ kúrò ni yóò funfun. Ibi tí ó bá fi sílẹ̀ ni yóò gba tàdáwà. Òkùnkùn ni ó ní lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá. Òdìkejì ni yóò fín gbogbo rẹ̀, pàápàá orúkọ ìwé. Bí ó bá gbàgbé, àfi kí òǹkàwé mú dígí lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ àwọ̀ méjì, lino méjì ni, èkejì sì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí èkínní gẹ́lẹ́. Ohun tí ó mú kí ó wúlò fún atẹ̀wé ni pé, bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tí ó fi ga tó lẹ́tà òjé, ẹ̀rọ kan náà ni yóò tẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán papọ̀. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbé igbó Fágúnwà fún. Ẹ sì wo àkókò náà. Fágúnwà ti kú sínú odò ní Wuya, lẹ́bàá Bída, ní oṣù Kejìlá 1963. Ní oṣù Kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní, wọ́n sì wọ inú igbó wá títí dé Òrè, níbi tí a ti dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni «Ó le kú, ìjà Òrè» ti di àṣàmọ̀ lẹ́nu wa. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ti Ṣóyínká mọ́lé, kò sì jáde títí di 1969. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Nelson fi tẹ ìwé náà jáde ní 1968, òǹkọ̀wé wà nínú sàréè, olùtumọ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n, ọ̀nà tí ó so ìlú ayàwòrán pọ̀ mọ́ ti òǹkọ̀wé sì ti di ojú ogun. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Onobrakpeya nìkan, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní St. Gregory's College l'Ékòó, ni ó wà lómìnira láti fi ojú ara rẹ̀ wo ìwé náà.

Èmi kò sọ pé àwòrán ju ọ̀rọ̀ Fágúnwà lọ. Ṣùgbọ́n ó ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ Urhobo ni ó fi ojú igbó wa han àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, tí àwa sì ń pe orúkọ àwọn méjì yòókù láìpe tirẹ̀. Nígbà tí City Lights ní San Francisco tún ìwé náà tẹ̀ ní 2013, àwòrán Onobrakpeya ṣì ni ó wà nínú rẹ̀.