Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ọmọ Náà Nídìí Dùùrù?

Tí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi ní ìjọ wa ní Gadumo yìí, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí àwọn onílù bá ti gbé kọ̀ǹgọ́ sílẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á ti yí ìlù ká. Ọ̀kan á gbá a, òmíràn á nawọ́ sí kíbọ́ọ̀dù. Kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà kan á fi pariwo pé, “Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ má bà á jẹ́!” Àwa kan náà la ó tún máa béèrè lẹ́yìn ogún ọdún pé kí ló dé tí a ò ní atẹdùùrù tiwa.

A máa ń sọ pé ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti fi òwe yẹn ṣe àwáwí. À ń dúró kí ẹ̀bùn kọ́kọ́ yọjú lára ọmọ ká tó kọ́ ọ. Ìtàn àwọn tó ṣáájú wa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo agbo ilé àwọn onílù, àwọn tí wọ́n ń jẹ́ Àyánwálé, Àyándélé, Àyánkúnlé. Wọn kì í dán ọmọ wò bóyá ó ní ẹ̀bùn. Ìlù ló ń gbọ́ kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá ti lè rìn dáadáa, á tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sóde, wọ́n á sì fi ìlù kékeré bíi kànnàngó lé e lọ́wọ́. Ohun tí kò le ni wọ́n á ní kó máa lù. Ìyáàlù ò tíì kàn án. Ó di ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà nínú agbo.

Nígbà tí dùùrù bá àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run dé ilẹ̀ wa, ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ìtàn Thomas Ekúndayọ̀ Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tí wọ́n bí ní 1884. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé, ó sì di atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Christ Church, Marina, l'Ékòó. Láti 1914 títí di 1962 ló fi wà nídìí iṣẹ́ náà. Ọdún 48!

Lára àwọn ọmọdékùnrin tó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1905. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, olórin ìjọ sì ni. Ọmọ náà ń kọrin, ó ń fetí sí bí ọ̀gá ṣe ń tẹ dùùrù, òun náà sì kọ́ ọ. Ní 1943 ó gba oyè gíga ti àwọn atẹdùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wá di atẹdùùrù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall níbẹ̀.

Ti Ayọ̀ Bánkọ́lé ló sún mọ́ wa jù. Jos ni wọ́n bí i sí ní 1935, nínú ìdílé Yorùbá tó ń gbé láàárín elédè púpọ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe wà ní Lokoja yìí. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ St. Luke's. Ní 1941 ọmọ náà lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ l'Ékòó, atẹdùùrù lòun náà. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ Phillips, tí orí rẹ̀ ti ń funfun nígbà yẹn. Bánkọ́lé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, ó dé Cambridge, ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ó tún kó àwọn ọmọbìnrin iléèwé girama jọ, ó kọ́ wọn lórin. Ọdún 41 péré ló lò láyé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí okùn náà já lọ́wọ́ òun.

Ẹ lè sọ pé, “Àwọn yẹn bí wọn sílé olórin ni. Èmi ò mọ dò yàtọ̀ sí mì.” Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Phillips kì í ṣe bàbá Ṣówándé, kì í sì í ṣe bàbá Bánkọ́lé. Ìjọ ló mú wọn pàdé. Ilé tí kò ní dùùrù, ìjọ ní in. Òbí tí kò lè tẹ̀ ẹ́, ìjọ ní ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí igbe “ẹ kúrò níbẹ̀” fi burú tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ọmọ mìíràn ní la fi ń tì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa kọrin nígbà àdúrà ìrọ̀lẹ́ nílé, kí ọmọ máa gbè é. Ẹ mú un wá síbi ìdánrawò akọrin, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé tó máa parí sí ẹkún. Ẹ̀yin onílù àti atẹdùùrù wa, tí ìsìn bá parí, ẹ má tíì pa kíbọ́ọ̀dù. Ẹ pe ọmọ kan, ẹ mú ìka rẹ̀, ẹ fi dò hàn án.

Sámúẹ́lì ọmọdé gbọ́ ohùn lóru, kò mọ ohun tó jẹ́. Élì arúgbó, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ló sọ ọ́ di mímọ̀ fún un. Ká ní Élì ti lé e lọ sùn pẹ̀lú igbe ńkọ́?