Ìbòjú Zaouli: Igi Ń Bẹ Lọ́jà, Ijó Ń Bẹ Nílé

Ní Zone 4, ní apá gúúsù ìlú Abidjan, ọjà iṣẹ́ ọnà kan wà tí wọ́n ti ń ta ìbòjú onígi. Àlejò a dé ibẹ̀, a ná an, a sanwó, a sì gbé e lọ sí òkè òkun láti fi í kọ́ ara ògiri. Ohun tí ó rà dára lójú, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó gbé lọ.

Ẹ wo Zaouli, ìbòjú àwọn ará Guro, tí ilé wọn wà ní Bouaflé àti Zuénoula ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ẹwà obìnrin ni wọ́n fi ń yìn. Láti ara ìbòjú méjì, Blou àti Djela, ni ó ti ṣẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe tún ń pè é ní Djela lou Zaouli, èyíinì ni Zaouli, ọmọbìnrin Djela. Oríṣi méje ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn tirẹ̀. Agbẹ́gilére a gbẹ́ ojú, ahunṣọ a hun aṣọ, onílù àti afunfèrè a lù, wọn a sì fun. Ọkùnrin tí ó gbé e a wá fi ẹsẹ̀ dá wọn lóhùn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, Zaouli kò pé mọ́.

Èyí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, ìbáà ṣe àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, ọkùnrin ni í gbé igi lórí láti fi bọlá fún àwọn ìyá. Àjọ UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ogún aráyé ní ọdún 2008. Ó kọ Zaouli sí i ní 2017.

Ní 1950 ni wọ́n la ipa omi Vridi, tí ọkọ̀ òkun fi ń wọ inú ọ̀sà Abidjan, tí ọ̀nà sì ṣí fún òwò gbogbo. Kò sí ẹni tí yóò dá agbẹ́gilére lẹ́bi bí ó bá tà: oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé ìṣúra pàápàá kò tó fi pamọ́. Nígbà rògbòdìyàn ọdún 2011, àwọn olè kó ọ̀pọ̀ ohun àtayébáyé lọ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Abidjan.

Lọ́dọ̀ àwọn Guro, oníjó tí ó ti gbó nínú iṣẹ́ ni í kọ́ ọ̀dọ́, níbẹ̀ sì ni ìṣúra náà wà. Bí igi bá sọnù, a lè gbẹ́ òmíràn. Bí àgbà bá lọ láìkọ́ ọmọ ní ijó, ta ni yóò gbé igi náà jó?