Ìwé Tí Ó Ń Tún Ìwà Ṣe: Láti Bedford dé Ìbàdàn

Láti ìgbà tí ìwé ti wọ ilẹ̀ Yorùbá ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tí kò tíì tán: ǹjẹ́ ìwé lè tún ìwà ènìyàn ṣe, àbí iṣẹ́ oṣù nìkan ni ó lè wá fún un? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kàwé nítorí ìdánwò. Bí ìdánwò bá sì ti kọjá, ìwé di ohun tí a ń jù sórí àjà. Àwọn Kristẹni àtijọ́ gbà pé olùkọ́ tí ń bá ènìyàn gbélé ni ìwé í ṣe. Ìtàn ìwé kan ṣoṣo, èyí tí àwọn Yorùbá mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, tó láti fi wo ọ̀rọ̀ náà.

Ní 1628 ni a bí John Bunyan, ẹni tí ó kọ ọ́, ní abúlé Elstow lẹ́bàá ìlú Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ títún ìkòkò irin àti páànù ṣe ni ó kọ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Nígbà tí ó gbéyàwó, òṣì ta wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwo àti ṣíbí pàápàá fi ṣọ̀wọ́n nínú ilé wọn. Ìwé méjì ni ìyàwó náà mú wá láti ilé baba rẹ̀ tí ó ti kú: ọ̀kan jẹ́ ti Arthur Dent, èkejì jẹ́ ti Lewis Bayly. Ìwé ìtọ́ni ni àwọn méjèèjì, tí ń kọ́ ènìyàn bí ó ti yẹ kí ó gbé ayé rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Tọkọtaya náà a sì máa kà wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ara rẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní 1666, Bunyan jẹ́wọ́ pé àwọn ìwé wọ̀nyí kò tíì yí ọkàn òun padà. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìsìn déédéé. Ìwà òde yí díẹ̀, inú kò yí. Ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ gbé e dé Bedford, ó bá obìnrin tálákà mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi tí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó sún mọ́ wọn, ó fetí sílẹ̀, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n ń wí jinlẹ̀ ju ìmọ̀ òun lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti fi ojú mìíràn wo Bíbélì. Ìwé ni ó ro oko. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni ó gbin irúgbìn sí i.

Ní 1660 a mú un nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ, ó sì wà lẹ́wọ̀n títí di 1672, tí ó ń ṣe okùn tà láti fi bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Ní 1678 ni ìwé rẹ̀ jáde, ìtàn ọkùnrin kan tí ó ru ẹrù wíwúwo kúrò ní ìlú ìparun, tí ó forí lé ìlú ọ̀run.

Ẹni tí ó mú ìtàn yìí dé èdè Yorùbá ni David Hinderer, ará Jámánì, oníṣẹ́ ẹgbẹ́ CMS. Ní 1853 ni òun àti Anna, aya rẹ̀, tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, owó àti oúnjẹ wọ́n wọn, títí wọ́n fi ń ta ẹrù ilé láti rí ohun jẹ. Ní 1866 ni ìtumọ̀ náà jáde, nígbà tí odidi Bíbélì Yorùbá kò tíì parí títí di 1884.

Kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n mọ ẹrù orí, wọ́n mọ oníbodè àti odi ìlú, wọ́n mọ odò tí a gbọ́dọ̀ là kọjá, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí àwọn agbénipa àti ajínigbé ti ń lúgọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wọn ti ń wí pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Nítorí náà ìtàn àlejò di ìtàn onílé.

Ìwé náà kò sì dúró síbẹ̀. Ní 1938, D. O. Fágúnwà, olùkọ́ tí a bí ní Òkè-Igbó ní 1903, tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Àwọn onímọ̀ ti rí ipa Bunyan nínú ìrìn àjò àti ìkìlọ̀ inú rẹ̀. Síbẹ̀ ọdẹ ni akọni rẹ̀, igbó ni ọ̀nà rẹ̀, àlọ́ àti òwe ilẹ̀ wa sì ni ó fi hun ún. Àwọn ọdẹ náà kò gba ọgbọ́n nípa kíkà rárá: ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó ti Ìrágbèje, tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ rẹ̀ kò fara sin. Iye ìwé tí ènìyàn kà kọ́ ni ó ń sọ ọ́ di ènìyàn rere. Méjì péré ni ó wà nínú ilé Bunyan. Ìwé tí a dá kà, tí a kò bá ẹnikẹ́ni sọ, tí a kò fi wé ayé tí à ń gbé, ìwà òde nìkan ni ó lè tún ṣe. Èyí tí a bá jíròrò ní èdè abínibí, tí a sì fi ìgbésí ayé dán wò, òun ni í wọ inú lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè; ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀.