Ọ̀yọ́ Mèsì

Ọ̀yọ́ Mèsì ni àpapọ̀ orúkọ àwọn ìjòyè méje tí í ṣe afọbajẹ àti olùdámọ̀ràn Aláàfin Ọ̀yọ́. Baṣọ̀run ni olórí wọn. Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìínni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa ni àwọn yòókù. Àwọn ló ń fi Aláàfin jẹ. Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àtijọ́, àwọn náà ló lè kọ̀ ọ́.

Agbára kíkọ ọba yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán. Arólé Ṣàngó ni Aláàfin, èèyàn ẹlẹ́ran ara kò sì gbọdọ̀ ṣàdédé ní òun fẹ́ lé e kúrò lórí ìtẹ́. Orí ọba fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ọdún Ọ̀run fi lágbára tó bẹ́ẹ̀: lọ́dọọdún, Aláàfin àti Baṣọ̀run a máa jọ bọ orí ọba, wọn a sì da obì. Ẹni tó ń ka ohun tí obì sọ náà ni olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ọba.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán, wọ́n á ní kí ọba ṣígbá wò. Àwọn ìtàn kan ní igbá òfìfo ni wọ́n ń gbé fún un, àwọn mìíràn ní ẹyin odídẹ ló ń wà nínú rẹ̀. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ọba tó bá ti ṣígbá wò yóò gbẹ̀mí ara rẹ̀. Òfin Ọ̀yọ́-Ilé kò mọ ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè tó ṣì wà láàyè.

Kò sí ẹni tó fi òfin yìí ṣe bó ṣe wù ú bíi Baṣọ̀run Gáà. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 (1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde), kọ ọ́ pé lábẹ́ Gáà, Aláàfin Lábísí kò lò ju ọjọ́ 17 lọ, wọn kò tíì gbé e gorí ìtẹ́ pàápàá. Awọ́nbíojú lo 130 ọjọ́. Agbólúajé àti Májẹ̀ẹ́ogbé tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ Gáà sì wà nínú ikú wọn. Láàárín àkókò yìí, àwọn ọmọ Gáà ti tú ká sí ìlú gbogbo, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọ ààfin. Aláàfin Abíọ́dún ló fi sùúrù dọdẹ rẹ̀. Ó bá Ọ̀yábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò (olórí ogun) tó wà ní Àjàṣẹ́, dìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun Gáà ní 1774. Èyí fi àlébù ètò náà hàn kedere: ó ní òfin fún ọba tó ṣìkà, kò ní òfin fún adájọ́ tó ṣìkà. Ogun láti òde ló yanjú rẹ̀.

Ṣé ẹgbẹ́ awo Ogbóni ló ń ká Ọ̀yọ́ Mèsì lọ́wọ́ kò? Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ ti yapa. Peter Morton-Williams kọ ọ́ ní 1960 pé bẹ́ẹ̀ ni. J. A. Àtàndá takò ó ní 1973. Lójú tirẹ̀, ó jọ pé Ọ̀yọ́ tuntun ni Ogbóni ti fìdí múlẹ̀, kì í ṣe Ọ̀yọ́-Ilé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣeé gbà díẹ̀ jù, nítorí Ogbóni kò hàn nínú ìtàn Gáà rárá.

Ní nǹkan bí 1796, igbá òfìfo dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Aólẹ̀, lẹ́yìn tí Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ìgbà náà, àti àwọn ọmọ ogun ti dìtẹ̀ níwájú ìlú Ìwéré. Ìtàn ní ó ta ọfà, ó sì ṣépè kó tó kú.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, Aláàfin Àtìbà yí òfin mìíràn padà: Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọba lọ́kùnrin, kò ní bá bàbá rẹ̀ kú mọ́. Adélù, Àrẹ̀mọ Àtìbà, jọba ní 1859, Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gbà á lọ́ba, ogun Ìjàyè sì bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Nígbà tó fi di 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló rọ Aláàfin Adéyẹmí Kejì lóyè. Kò sẹ́ni tó gbé igbá dání.

Àwọn ìjòyè méje náà ṣì wà. Lẹ́yìn tí Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù Kẹrin 2022, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jọba dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn afọbajẹ kan. Ní oṣù Kíní 2025, gómìnà Ṣèyí Mákindé fọwọ́ sí Abímbọ́lá Owóadé, ìjọba sì ní Ifá ni wọ́n bi kí wọ́n tó yàn án. Àwọn kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì kò fara mọ́ ọn.