Edé Tó Di Orúkọ Orílẹ̀-Èdè

Ẹni tó bá se ẹ̀fọ́ rírò láìfi edé sí i mọ̀ pé nǹkan kan kù. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwa tí à ń jẹ edé ni kò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá ní ìlà-oòrùn ń jẹ́. Kamẹrúùnù ni à ń wí.

Ní nǹkan bí ọdún 1472, àwọn atukọ̀ Pọtogí dé ẹnu odò Wouri, níbi tí ìlú Douala wà lónìí. Edé ni wọ́n bá lọ́pọ̀ yanturu nínú omi, ni wọ́n bá sọ ibẹ̀ ní Rio dos Camarões, ìyẹn Odò Edé. Irú edé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé inú ẹrẹ̀ ló ń gbé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yóò tú jáde wìtìwìtì, àwọn èèyàn á sì máa kó o.

Gẹ̀ẹ́sì pe ilẹ̀ náà ní Cameroons. Nígbà tí Jámánì gbà á ní 1884, Kamerun ni wọ́n pè é. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Faransé pe tirẹ̀ ní Cameroun. Òyìnbó mẹ́ta, akọtọ́ mẹ́ta, edé kan náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ìpín tirẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, tí Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ rẹ̀, tí Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé, fi wá ń jẹ́ NCNC: Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń pariwo orúkọ ẹgbẹ́ yìí ní Ìbàdàn àti Èkó, edé wà lẹ́nu wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1961, wọ́n dìbò: apá àríwá yan Nàìjíríà, apá gúúsù bá Kamẹrúùnù lọ. Ẹgbẹ́ náà fi "àwọn ọmọ Nàìjíríà" rọ́pò Kamẹrúùnù nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yí padà.

Àlejò ló wo inú omi tó sọ odò lórúkọ, orúkọ náà sì mọ́ àwọn onílé lórí. Àwa náà fẹ́ẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wa. Lọ́jà lónìí, "kiréfíìṣì" ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń pe edé. Bẹ́ẹ̀, ẹran omi míràn ni kiréfíìṣì gan-an, inú omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé. Inú òkun àti ọ̀sà ni edé tiwa ti ń wá. Orúkọ tí a yá kò tilẹ̀ bá ohun tí à ń jẹ mu.

Ohùn nìkan ló ya edé sọ́tọ̀ sí èdè. Àwa tí à ń kọ́ èdè, ẹ jẹ́ ká máa pe edé ní edé.